Bí Ìdílé Olórin Ṣe Lè Gba Orin Kérésìmesì Sílẹ̀ Nínú Ilé Wọn ní Àkúrẹ́

Oṣù Kẹwàá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, kí ẹ sì gba ohùn sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Tó bá fi di àárín oṣù Kejìlá, ariwo á ti gba ìlú kan: báńgà á máa dún láti Ọjà Ọba dé Òkè-Àró, sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì á máa ké ní gbogbo àdúgbò, ọyẹ́ á sì ti gbẹ ọ̀fun àwọn akọrin. Lóòótọ́, òjò ṣì lè rọ̀ sórí páànù nínú oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n òjò máa ń ṣú kó tó rọ̀, a sì lè dúró títí yóò fi dá. Báńgà kì í sọ fún èèyàn kó tó dún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ lọ ra máìkì olówó ńlá. Máìkì kọ́ ló kàn. Ibi tí kálukú dúró sí, yàrá tí ẹ wà àti kíì (ìwọ̀n gíga ohùn) tí ẹ fi kọrin ló ń sọ bí orin yóò ṣe rí létí. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá gún, fóònù lásán lè ṣe é gbọ́.

1. Ẹ yan orin díẹ̀

Orin mẹ́rin tó. Méjì nínú àwọn tí gbogbo ilé ti mọ̀ láti inú ìwé orin ìjọ, ọ̀kan tó ní ìlù tí àwọn ọmọdé lè jó sí, àti ọ̀kan tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Ìdílé tó bá yan mẹ́wàá kì í sábà parí ju márùn-ún lọ, àárẹ̀ á sì hàn nínú ohùn láti orin kẹrin síwájú.

Ẹ wo ẹni tó ni orin kí ẹ tó gbé e síta. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Ọ̀pọ̀ ohùn orin ìbí Jésù àtijọ́ ti kọjá iye yẹn tipẹ́. Àmọ́ ètò ohùn mẹ́rin tí olùdarí akọrin kan ṣe lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, tiẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn orin fúnra rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Bákan náà ni ìtumọ̀ Yorùbá tuntun. Ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, tàbí kí ẹ ṣe ètò tiyín.

2. Ẹ wá kíì tó bá gbogbo ilé mu

Ohùn ọmọdé ni kí ẹ fi wọn kíì, ẹ má fi ti bàbá wọn wọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá máa ń kọrin pẹ̀lú ìrọ̀rùn láti C tó wà láàárín dùùrù títí dé D tó wà lókè C tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá ohùn tó ga jù nínú orin náà. Bó bá kọjá D yẹn, ẹ fa orin náà wálẹ̀. Ìwé orin lè kọ ọ́ sí G. Bí ẹ bá tẹ transpose (bọ́tìnnì tó ń gbé kíì sókè tàbí wálẹ̀) orí kíbọ́ọ̀dù sí -2, F ni ẹ wà yẹn, ó sì sábà máa ń tó. Bí báàsì bá wá ń ráhùn pé ìsàlẹ̀ ti jìn jù fún òun, kó gun òkè ní ibi ìlà kan tàbí méjì tó nira. Ó sàn ju kí ọmọdé máa pariwo lọ.

Ẹ kọ iye náà sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kíbọ́ọ̀dù. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù máa ń padà sí òdo bí iná bá lọ. Iná á dé, akọrin á tẹ̀síwájú, kò sẹ́ni tó máa rántí, nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ po orin pọ̀ ni ẹ ó rí i pé kíbọ́ọ̀dù wà ní G, ohùn wà ní F.

3. Ọ̀rọ̀ orin: ẹ jẹ́ kí ìlù yẹ̀ ẹ́ wò

Ibí yìí ni ẹ kò gbọdọ̀ kánjú. Àwọn orin ìjọ tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá lórí ohùn òyìnbó máa ń yí àmì ohùn ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n etí wa ti mọ̀ wọ́n láti kékeré, a ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ kí a tó gbọ́ ọ. Orin tuntun kò ní àǹfààní yẹn. Ẹ wo “ìbí Jésù”: dò mí, mí dò. Bí ohùn orin yín bá dúró sójú kan lórí sílébù méjì àkọ́kọ́, “ibi” ni etí yóò gbọ́, ẹ sì ti so ibi mọ́ orúkọ Jésù lọ́jọ́ Kérésìmesì nìyẹn. Bákan náà ni “ọmọ wa” àti “ọmọ́ wá”: ọ̀kan ń sọ pé ọmọ jẹ́ tiwa, èkejì ń sọ pé ọmọ dé.

Ọ̀nà tó dára jù láti yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí onígángan fi ìlù sọ ìlà náà gẹ́gẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí akọrin sì wá kọ ọ́ láìsí ìlù. Ibi tí ìlù ti gòkè tí orin sì sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Kò pọn dandan kí gígùn àlàfo ohùn bára mu. Kí ó gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, kó sọ̀kalẹ̀ níbi tó ti sọ̀kalẹ̀, ó tó. Bí ẹ kò bá fẹ́ yí ohùn orin padà, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀: “ọjọ́ tí a bí Jésù” á wọ ibi tí “ìbí Jésù” kò ti wọ̀.

Ẹ tún fẹnu kò lórí ẹ̀ka èdè. Bí ìyá àgbà bá ń pe “ulé” bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, tí àwọn ọmọ sì ń pe “ilé” bí ilé ìwé ṣe kọ́ wọn, méjèèjì lórí ìlà kan náà á dà bí ẹni tó ṣì í kọ. Èdè Àkúrẹ́ dùn púpọ̀ nínú orin, ẹ má tijú rẹ̀ rárá. Ẹ fún un ní ẹsẹ kan lódindi, kí ìyá àgbà jẹ́ olùkọ́, kí gbogbo ilé sì pè é bí wọ́n ṣe pè é.

4. Yàrá

Ẹ dúró láàárín yàrá, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìró náà bá ń padà wá bí ẹni wà nínú agbá, yàrá yẹn kò dára. Pálọ̀ tó ní táìlì nílẹ̀, POP lókè àti gíláàsì lójú fèrèsé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò nítorí pé ó fẹ̀. Yàrá tí a ń sùn sí, tó ní bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì tó nípọn àti wọ́dírọ́bù tó kún fún aṣọ ló dára jù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn wọ́dírọ́bù sílẹ̀. Aṣọ inú rẹ̀ ń gbé ìró mì.

Bó bá di dandan kí ẹ lo pálọ̀, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ gbé fóòmù ibùsùn méjì dúró. Ẹ̀yìn akọrin ni kí ẹ gbé wọn sí, kì í ṣe ẹ̀yìn máìkì. Máìkì tó ń gbọ́ iwájú nìkan ń kọjú sí akọrin, nítorí náà ògiri ẹ̀yìn akọrin ni ó ń gbọ́. Ẹ fi àlàfo bí 10 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ láàárín fóòmù àti ògiri, á ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Kírétì ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ṣe nǹkan kan sí ohùn báàsì, iná sì ń tètè mú un. Ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ gbé fóònù kan sínú yàrá náà, kí ẹ jẹ́ kó gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ó gbọ́ ohun tí etí ti fojú fò: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ọ̀kadà tó ń gun òkè, àkùkọ, ìpè àdúrà mọ́sáláṣí, ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì, òde àríyá ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wákàtí tó bá dákẹ́ jù ni tiyín. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn máa ń dára, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti jẹun tí wọ́n sì ń sinmi.

Ẹ pa fáànù. Ẹ yọ fíríìjì, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á ṣí i, á sì rántí tàn án padà kí ọbẹ̀ tó bàjẹ́.

5. Ohun èlò

Bó bá jẹ́ fóònù ni ẹ ní, ẹ gbé e sórí nǹkan tí kò ní mì, ẹ fi sí airplane mode, kí ẹ sì lo áàpù tó lè gba WAV (fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀) sílẹ̀ láìfọwọ́ kan ohùn. Áàpù tó ń fúnra rẹ̀ pa ariwo rẹ́ á máa ge ìparí ọ̀rọ̀ àti ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, torí ó rò pé ariwo ni.

Èyí tó sàn ju ìyẹn lọ ni láptọ̀pù, audio interface oníhò méjì (àpótí kékeré tó ń so máìkì mọ́ láptọ̀pù), máìkì condenser méjì àti hẹ́dífóònù tó bo etí pátá. Máìkì condenser ń fẹ́ iná 48V láti inú interface; bó bá dákẹ́ lódindi, bọ́tìnnì 48V ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́. Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí láptọ̀pù, BandLab náà jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù. Ẹ fi ìwọ̀n bí ohùn yóò ṣe já gaara tó sí 48 kHz, 24-bit. Ohùn kan ṣoṣo ń gba nǹkan bí 8.6 MB ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ní ohùn mẹ́wàá á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350 MB, kí a má tíì ka àwọn tí ẹ gbà lẹ́ẹ̀mejì.

Hẹ́dífóònù gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwáyà. Ti Bluetooth máa ń pẹ́ kó tó gbé ìró dé etí, ó lè ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ, akọrin á wá máa kọrin lẹ́yìn ìlù láìmọ̀.

Ẹ fi bátìrì láptọ̀pù ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn. Bí ẹ bá gbọ́ ìró “hùùù” tó dúró sójú kan, iná ilé ló wọ inú rẹ̀. 50 Hz ni iná wa, ìró yẹn sì ń dún ní 50 àti 100. Ẹ yọ ṣájà kúrò, á sábà lọ.

6. Ibi tí kálukú máa dúró sí

Fún ìkọrin àpapọ̀, ẹ gbé máìkì kan síwájú, kí àwọn akọrin yí i ká bí òṣùpá ààbọ̀. Àwọn ọmọdé níwájú, 80 sẹ̀ǹtímítà sí máìkì. Àwọn obìnrin ní mítà kan àti díẹ̀. Àwọn ọkùnrin ní mítà kan àbọ̀ sí méjì. Kí máìkì ga díẹ̀ ju ẹnu ìyá ilé lọ, kó sì tẹrí ba sí àwọn ọmọ. Ẹni tí kò lè dúró pẹ́, ẹ fún un ní àga tí kì í ró, kí ẹ sì gbé e sún mọ́ iwájú kí ohùn rẹ̀ má bàa sọnù sí ẹ̀yìn àwọn tó dúró.

Ẹ kọ ègbè fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹni kan fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ. Ta ni ohùn rẹ̀ yọ síta? Ẹ ní kó sún ẹ̀yìn ní ìdajì ìṣísẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé kó rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹni tó bá rẹ ohùn sílẹ̀ á pàdánù èémí, ohùn rẹ̀ á sì wá bọ́ sísàlẹ̀ kíì. Ẹsẹ̀ ni ẹ fi ń tún ohùn ṣe nínú ẹbí, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sinmi. Ẹ tún kọ ọ́, ẹ tún gbọ́ ọ. Ó lè gba ìgbà márùn-ún kó tó bára mu, ìgbà márùn-ún yẹn sì tọ́ sí i. Nígbà tó bá wá tọ́, ẹ fi tépù sàmì sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ kálukú.

Adánilégbè (ẹni tó ń lé orin kí àwọn yòókù tó gbè é) máa dúró ní 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà sí máìkì tirẹ̀. Ẹ na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ sórí wáyà ìfikọ́ aṣọ tí ẹ ti tẹ̀ di òbìrí, kí ẹ gbé e sáàárín, kí afẹ́fẹ́ ẹnu má bàa lu máìkì. Bí ẹ bá lo máìkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹni méjì, kí àlàfo tó wà láàárín máìkì méjèèjì tó ìlọ́po mẹ́ta àlàfo ẹnu sí máìkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn á di tínrín bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú páìpù.

7. Èwo ni a máa kọ́kọ́ gbà?

Agogo. Kí alágogo nìkan máa gbọ́ kílíìkì (ìró tí áàpù ń fi ka ìlù ní déédéé) nínú hẹ́dífóònù, kó sì máa lu kóńkóló láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn ìyẹn, agogo náà ni gbogbo ènìyàn yóò tẹ̀ lé. Kílíìkì lásán máa ń mú kí Yorùbá kọrin bí ẹni ń ka iye, agogo ń mú wọn jó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkà mẹ́rin sókè kí orin tó wọlé.

Lẹ́yìn agogo, kíbọ́ọ̀dù àti ohùn adánilégbè kan gẹ́gẹ́ bí atọ́nà. Ohùn yìí ẹ ó pa á rẹ́ nígbẹ̀yìn, nítorí náà ẹ má dààmú lórí rẹ̀. Kí kíbọ́ọ̀dù gba inú wáyà wọ interface, ẹ má gbé máìkì síwájú sípíkà rẹ̀. Ìlù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ègbè, lẹ́yìn náà adánilégbè gan-an.

Ẹ gba ègbè lẹ́ẹ̀mejì sórí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ìgbà kejì, kí àwọn akọrin pààrọ̀ àyè láàárín ara wọn. Ẹni mẹ́fà á wá dún bí ìjọ kékeré kan.

Àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣe ju 20 ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì ṣe tiwọn kó tó rẹ̀ wọ́n. Omi tí kò tutù ni kí gbogbo ilé máa mu díẹ̀díẹ̀. Ṣinṣín àti ẹ̀pà ń fi ìyẹ̀fun sílẹ̀ lọ́fun, ẹ gbé wọn pamọ́. Iyán dìgbà tí ẹ bá parí, torí ikùn tó kún kò jẹ́ kí èémí wọlẹ̀.

Kí ohùn tó le jù nínú orin dúró láàárín -12 àti -6 dB lórí mítà áàpù, èyí tó ń fi bí ohùn ṣe le tó hàn. Tó bá kan òdo, ó ti fọ́, kò sì sí ọgbọ́n tó lè tún un ṣe. Ìgbà tí inú akọrin bá dùn ni ó máa ń ké sókè ju ìgbà ìdánwò lọ, nítorí náà ẹ dín agbára máìkì kù díẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí orin bá parí, kí ẹnikẹ́ni má mira fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ibi tí ọmọdé ti ń sọ pé “ó ti tán?” lórí ìró tó ń lọ sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orin dáadáa ti ń bàjẹ́.

8. Ìlù

Awọ ń gbọ́ ojú ọjọ́. Nínú ọ̀rinrin, dùndún á rọ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ sá a sóòrùn fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń le, ohùn á gòkè. Ẹ jẹ́ kí ìlù wà nínú yàrá náà fún bí wákàtí kan kí ẹ tó gbà á sílẹ̀, kó lè bá yàrá mu.

Máìkì máa wà ní 60 sí 80 sẹ̀ǹtímítà sí ojú tí a ń lù. Saworo ara ìyáàlù máa ń dún ju bí ẹ ṣe rò lọ, máìkì tó bá sún mọ́ ọn á gbọ́ saworo ju ìlù lọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e jìnnà, mítà méjì, torí ìró rẹ̀ mú. Bí ẹni tó ń lu ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìlù, kó sọ ọ́ níbi tí àwọn akọrin ti ń sinmi. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ lórí akọrin tó ń kọrin, a kì í gbọ́ ìkankan.

9. Àwọn tí kò sí nílé

Ẹni tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun lè wọ inú orin. Ẹ fi MP3 agogo, kíbọ́ọ̀dù àti ohùn atọ́nà ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú kíkà mẹ́rin àti àtẹ́wọ́ kan níwájú. Kó fi íápíìsì oníwáyà gbọ́ ọ lórí fóònù kan, kó fi fóònù kejì gba ohùn ara rẹ̀, kó sì pàtẹ́wọ́ pọ̀ mọ́ ti inú atọ́nà. Àtẹ́wọ́ yẹn ni ẹ ó fi tò wọ́n pọ̀. Kó fi WAV ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document lórí WhatsApp. Voice note ń fún ohùn pọ̀ jù, kò ní ṣe é lò.

10. Pípo orin pọ̀

Ẹ gé ìró ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ nǹkan bí 100 Hz kúrò nínú ohùn obìnrin àti ọmọdé. Ti báàsì, ẹ má kọjá 60. Ohùn atọ́nà, ẹ pa á rẹ́. Ẹ gbé adánilégbè sáàárín, ègbè àkọ́kọ́ sí òsì díẹ̀, èkejì sí ọ̀tún díẹ̀, ìlù àti kíbọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Rífáàbù (ìró tó ń mú kí ohùn dún bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn) díẹ̀ ló tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ tún ohùn ọmọdé ṣe títí yóò fi máa dún bí ike. Ohùn ọmọ tó yẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dára ju ohùn tí ìyá rẹ̀ kò lè dá mọ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, nínú mọ́tò àti lórí sípíkà kékeré kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete nínú mọ́tò, ẹ rẹ kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ kí ẹ tó gbé ohùn sókè. Kí àpapọ̀ rẹ̀ wà ní nǹkan bí -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń ké sókè sí létí), kí góńgó rẹ̀ má kọjá -1 dB.

11. Gbígbé e jáde

Fún ẹbí àti ìjọ lórí WhatsApp, MP3 192 kbps ló dára; orin ìṣẹ́jú mẹ́rin kò ní tó 6 MB. Fún àwọn ìkànnì orin bíi Spotify, ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin ni yóò bá yín gbé e síbẹ̀. Ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó jáde, pẹ̀lú àwòrán onígun mẹ́rin 3000 × 3000. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ orin, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ àti ẹni tó ṣe ètò ohùn, kí ẹ sì bi àwọn òbí gbogbo ọmọ tó kọrin bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ àti àwòrán ọmọ wọn hàn.

Ẹ tọ́jú WAV tí ẹ kò fọwọ́ kàn síbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ kíì, ìyára agogo, ọjọ́ àti ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú bébà tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó kọ tírébù lọ́dún yìí lè di tẹ́nọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.